Ìwé Tí Mo Kà fún Ìyáálé Mi

                                                  Ilé Ṣàngódélé,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Kétu, Dàhòmì.
                                                  Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Bélú, 1962.

Rosalie, ọ̀rẹ́ tí a jọ pín àga kan nílé ẹ̀kọ́,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń ro ọ́ nígbà òjò ti fi ọ́ sílẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò tíì sọ ọ́ di aláìwálé? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, ṣé ó ti rí nǹkan mìíràn jẹ? Mo kí ìyá rẹ púpọ̀púpọ̀. Òjò ti dá lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, àgbàdo ti wọ àká, bàbá ilé wa sì ń bá eku jà lórí rẹ̀. Èmi náà wà. Mo sanra. Bí Àyìsátù bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, má bá a jiyàn.

Àyìsátù náà ló mú lẹ́tà rẹ wá fún mi láti Àjàṣẹ́, nígbà tó wá ra gàrí. O ní àwọn obìnrin oníṣòwò kéékèèké kan máa ń péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ lẹ́yìn Mísà, alábúrẹ́dì, aránṣọ, èyí tó ń ta epo ní ìgò ìgò, àti àwọn mìíràn tí kò mọ̀wé, o sì fẹ́ máa ka ìwé tó lè là wọ́n lójú nínú òwò fún wọn. O ní kí n kọ orúkọ àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn jù ránṣẹ́. O ní o gbọ́ pé a ní ìwé kan ní Kétu tí wọ́n fi ń tajà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ká lẹ́tà náà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò lè fèsì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Fún aránṣọ rẹ, wá ìwé ìránṣọ tí àwọn màsọ́ọ̀ fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, èyí tó ní àwòrán ọwọ́ àti abẹ́rẹ́. Kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún un, ojú rẹ̀ á kà á. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ràn tó mọ́ tí mo ní. Fún àwọn tó kù, ìwé kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ìwọ lo sì fi ránṣẹ́ sí mi, ìwé kékeré ẹlẹ́yìn aláwọ̀ ewé yẹn, ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. O bi mí nígbà náà bóyá ó wúlò, mo ní ó wúlò, mo pa ẹnu mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ.

Ìwé náà kò kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi. Ìwọ ò mọ ilé olórogún, ọkọ rẹ bẹ̀rù Fada. Ní ilé tiwa, ohunkóhun tó bá ti ẹ̀yìn odi wọlé, ọwọ́ ìyáálé ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí, kó tó pín in fún ẹni tó bá wù ú. Àyìsátù gbé e fún un bí àṣà. Ó tú u, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rí àwòrán obìnrin tó jókòó ti àtẹ, tí àwọn oníbàárà tò síwájú rẹ̀. Ó bi Àyìsátù pé ìwé kí ni. Àyìsátù tí òun náà kò mọ ojú ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwé tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń tajà ni, Rosalie ló fi ránṣẹ́ sí Thérèse. Ìyáálé mi ní kí ni Thérèse ń tà. Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ o mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Mo ti sọ fún ọ pé mo fẹ́ pa àtẹ kékeré kan, òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, kí n lè ní nǹkan tí mo lè pè ní tèmi nínú ilé tí wọ́n gbé mi sí lẹ́yìn tí bàbá mi kọ̀ kí n di olùkọ́.

Ìyá Jọkẹ́ ni wọ́n ń pè é, Jọkẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Níwájú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń wí. Nínú lẹ́tà yìí, "ó" ni yóò jẹ́, ọwọ́ mi ni bírò wà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ta gàrí lábẹ́ igi ọ̀dán kan náà lọ́jà Kétu, ó sì mọ̀ ọ́n tà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn nípa ìyẹn. Gàrí rẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń kan díẹ̀, kì í ní ìdọ̀tí. Bí oníbàárà bá ti yọ lókèèrè ni yóò ti máa kí i, yóò kí ọkọ rẹ̀, yóò kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yóò ní kó tọ́ ọ wò. Bó bá wọn gàrí tán, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e, títí tí yóò fi ga bí òkìtì. Obìnrin tó bá ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìwọ náà mọ ohun tó ṣe sí mi. Ọmọ tí mo bí ní oṣù tí wọ́n fún wa ní òmìnira, tí gbogbo ìlú ń jó, oṣù mẹ́jọ ló lò. Ilẹ̀ẹ́gbóná ló mú un lọ. Ọjọ́ tí a sin ín, mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn ìyáálé mi lẹ́bàá kànga níwájú àwọn tó wá pọn omi. Ó ní, "Ṣebí akọ̀wé ni? Ẹ ní kó lọ ka ìwé fún òkú náà, bóyá á jí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohùn gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀ nígbà tí obìnrin kan náà gbé ìwé tèmi wá bá mi ní yàrá. Ó fi aṣọ mímọ́ wé e. Ó jókòó lórí ẹní mi, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ka ohun tó wà níbí fún mi."

Mo ṣí i síbi tí ó bá ṣí sí. Ojú ìwé kẹtàdínlógún ni. Rosalie, ṣé o kà á kí o tó fi ránṣẹ́? Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí olùtajà fi díẹ̀ lé e fún ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí díẹ̀ náà ni yóò mú un padà wá. Ẹnu yà mí. Èènì ni òyìnbó yìí ń sọ. Ohun tí ìyáálé mi ti ń ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún ló lọ tẹ̀ jáde nínú ìwé. Bí mo bá ti kà á bẹ́ẹ̀, ìdùnnú ì bá pa á, ì bá gbé e káàkiri ọjà pé ìwé òyìnbó jẹ́rìí sí òun. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní mi. Mo wo ẹnu rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ka Faransé rẹ̀ ketekete, kí ó lè gbọ́ pé ìwé ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní kí olùtajà má fún ẹnikẹ́ni ní èènì. Wọ́n ní èènì ló ń jẹ òwò run."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Má rò pé òmùgọ̀ ni. Ó ti dé ilé ìtajà àwọn òyìnbó ní Àjàṣẹ́ rí, ó sì rántí pé wọn kì í fúnni ní èènì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tọ́ nǹkan wò, iye tí wọ́n bá dá ni iye tí ènìyàn ń san, akọ̀wé ìdí àtẹ kì í sì í kí ẹni tó wọlé. Ilé náà sì ga, ó ní pákó olówó iyebíye. Ó ronú lórí gbogbo rẹ̀ níwájú mi, ó mi orí, ó ní abájọ. Ó ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló parí irọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọjà, yóò fọ ọwọ́, yóò gbé ìwé wá. Mi ò fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí àìsí èènì mọ́ ọn lára dáadáa kí n tó sọ fún un pé ìwé ní kí wọ́n má fọwọ́ kan gàrí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ó gé aṣọ funfun, ó fi bo agbọ̀n. Ọjà mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ìwé ní olùtajà tó bá kọ́kọ́ kí oníbàárà ti fi hàn pé ebi ń pa òun. Èyí ló le jù fún un. Mo lọ wò ó lọ́jà, mo dúró lẹ́yìn àwọn aláta. Bí ojúlùmọ̀ rẹ̀ bá ń bọ̀, ẹnu rẹ̀ á yà, á tún pa á dé, á máa wo ilẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ìwọ. Inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà jẹ.

Àyìsátù ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fi ọkọ̀ kàmíọ̀n wá kó gàrí rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ó na ọwọ́ láti tọ́ ọ wò, ìyáálé mi fa aṣọ bò ó, ó ní ìwé ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àyìsátù ní, "Ìyá Jọkẹ́, ọdún mẹ́sàn-án rèé, ṣé ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dọ̀tí lónìí ni?" Àyìsátù nu ọwọ́ sára ìró, ó lọ sí ìdí àtẹ Bọ́sẹ̀, ẹlẹ́gàrí mìíràn tó wà níwájú díẹ̀. Ìwọ rò pé òwò ìyáálé mi ń lọ ni Àyìsátù ṣe sọ fún ọ pé a fi ìwé tajà ní Kétu. Ẹ̀sín ló fi ń ṣe.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Máfọwọ́kàn-án. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀pà á kọjá, wọn á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn á kúnlẹ̀ kí i láìya ẹnu, kí gbogbo ọjà lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín mi lẹ́bàá kànga wà nínú wọn. Bó ṣe gbé agbọ̀n lọ ló ń gbé e bọ̀. Òjò dé, gàrí gba omi, ó hu funfun, a dà á fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá ilé wa, Ṣàngódélé ọkọ wa, ní àgbàdo òun kò lè máa bọ́ obìnrin tó jókòó lọ́jà bí ère. Ó wí i lójú mi. Mo ń gún iyán, mi ò dáwọ́ dúró.

Ibi tó yẹ kí n ti dúró ń bọ̀ yìí. Ní oṣù Agẹmọ, ó gbé ìwé wá bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó lórí ẹní. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ti rù, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ó ní òun ti rò ó títí, òun mọ ìdí tí ìwé fi kọ òun. Ó ní ìwé ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó, ìwé kò lẹ́bi, ẹni tí òun ṣẹ̀ ló ń bá òun kà á. Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọmọ rẹ lẹ́bàá kànga, ẹnu mi ni kò dára. Mo bẹ̀ ọ́. Ràn mí lọ́wọ́, kí ìwé gbà mí." Ó dọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyáálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó, o ò ní rí irú rẹ̀ ní Kétu yìí mọ́.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí a sin ọmọ náà. Ó yẹ kí n sunkún kí n sì jẹ́wọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé nítorí gàrí ló ṣe ń bẹ̀ mí. Bí gàrí bá ń tà, kò ní rántí pé mo bímọ rí. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ dìde." Mo ṣí i, mo ka Faransé, mo ní ìwé sọ pé ẹni tí òwò bá kọ̀, kó fi ìdí àtẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú ilé kí ilé má baà wó.

Ó gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní oṣù Ògún, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Idigny lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ arúgbó. Ó fi àtẹ, agbọ̀n àti àwo ìwọ̀n lé mi lọ́wọ́ níwájú Ṣàngódélé. Ó fi ìwé náà kún un, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún òun títí ara òun yóò fi mọ́.

Èmi ló ń ta gàrí lábẹ́ igi ọ̀dán báyìí. Mo ń kí wọn lókèèrè. Mo ń jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì bí mo ti rí i tó ń bù ú. Àyìsátù ti padà, gbogbo wọn ti padà, wọ́n ní ẹ wo obìnrin tó mọ̀wé bó ṣe ń tajà. Kò sí ohun kan nínú gbogbo rẹ̀ tí mo kọ́ láti inú ìwé, Rosalie. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Ní ọjà tó kọjá, mo ń bu èènì fún oníbàárà kan, mo gbójú sókè, òun ló dúró níwájú mi. Igbá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà Idigny. Ó wo òkìtì gàrí tó wà lórí àwo, ó wo ọwọ́ mi. Ó bi mí jẹ́jẹ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, "Ìyàwó, ṣé ìwé náà ti yí ọ̀rọ̀ padà ni?" Mo ní ojú ìwé kan wà níwájú tí a kò tíì kà dé nígbà tí ẹ lọ. Ó mi orí bí ẹni tó rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù. Ó ní, "Abájọ. A ò kà á dópin." Ó ra gàrí, mo bu èènì lé e, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wá ní Barnabé, olùkọ́ katikísìmù ní Idigny, mọ Faransé. Ó ti sọ fún òun pé bí òun bá mú ìwé náà wá, yóò bá òun kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgba nǹkan kan. Ó ní òun ṣì fẹ́ gbìyànjú, òun ṣì lágbára láti ta gàrí. Ó ń bọ̀ wá gba ìwé rẹ̀ ní ọjà tó ń bọ̀, ìyẹn ọ̀tunla.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí kíákíá nìyẹn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí Barnabé bá ṣí ojú ìwé kẹtàdínlógún, kò ní í gba ju ìṣẹ́jú kan lọ kí obìnrin yẹn tó mọ ohun tí mo fi ọdún kan ṣe fún un. Ìdí àtẹ yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi yóò padà sí ìdí odó, Kétu yóò sì ní ẹlòmíràn tí wọ́n á máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbìyànjú láti wá ibi tí mo ti lè fún un ní ìwé náà, mi ò rí i nínú ara mi. Mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ ikán sínú àpótí tí mo fi ìwé náà sí, mo sì ti ya aṣọ mímọ́ tó fi wé e, kó lè dà bíi pé ikán ló jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ yóò bá mi kẹ́dùn.

Kàmíọ̀n Àyìsátù ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ìwé aláwọ̀ ewé wà nínú ìdì yìí, lábẹ́ lẹ́tà. Má dá a padà. Mo ti ká etí ojú ìwé kẹtàdínlógún sínú kí o lè tètè rí i. Bí àwọn obìnrin rẹ bá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn Mísà tí wọ́n gbójú sókè wò ọ́, jọ̀wọ́, ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Bá mi kí ìyá rẹ, bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ. Bàbá ilé wa kí ọ. Ìyáálé mi náà ní kí n kí ọ. Nígbà tó ń lọ ní ọjà tó kọjá, ó ti rìn díẹ̀, ó tún padà. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́.

                                                  Èmi náà ni, ẹni rẹ láti ilé ẹ̀kọ́,
                                                  Thérèse